Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ni jẹ̀díjẹ̀dí: ìtàn oògùn jẹjẹrẹ ìfun ńlá, àti ìbéèrè kan láti Ìwàrò-Ọ̀kà

Ẹni tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Ìkàrẹ́ láàárọ̀ á ti gbọ́ ohùn àwọn alágbo. "Àgbo jẹ̀dí rèé o! Ti ẹ̀yìn ríro rèé o!" Oníbàárà á gba kọ́ọ̀bù, á gbé e mì, á fọwọ́ nu ẹnu, á sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. A ò kẹ́gàn àgbo o. Púpọ̀ nínú àwa tá à ń kọ̀wé síbí, àgbo la mu dàgbà. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ jẹ̀díjẹ̀dí wọ ilé ọ̀kan nínú wa, ibi tó já sí kò sì jọ ibi tí a rò.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Ọ̀kà, ń gbé ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Ará ilé ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ohun dídùn ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n mu àgbo. Kẹ́mísì kan ta oògùn jẹ̀dí fún wọn. Ẹ̀jẹ̀ dá, ó tún padà wá. Inú ń dì, inú ń ṣí, ara wọn sì ń fà. Nígbà tí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn ńlá, tí dókítà fi kámẹ́rà kékeré gba ìdí wo inú ìfun wọn, jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni ó bá níbẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n gé ibẹ̀ kúrò. Ilé ti ń dúpẹ́ pé ó parí, ni dókítà bá ní ó ku kímò.

Ìgbà náà ni Bàbá pe ọmọ àbúrò wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní, "Ìwọ tó ò ń lọ sí yunifásítì, kí ni wọ́n ń pè ní kímò yìí? Ta ló ṣe é? Ṣé àwọn èèyàn bíi tiwa ni wọ́n fi dán an wò kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?"

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ wádìí ẹ̀ wá, Bàbá."

Ó gbé ìbéèrè mẹ́ta yìí wá sáàárín wa. A kì í ṣe dókítà, ìtàn là ń kọ níbí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kà, a rí i pé ìtàn gan-an ni Bàbá ń béèrè.

Oògùn tó ti inú májèlé jáde

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí kímò jẹ́. Iṣẹ́ abẹ máa ń gé ibi tí ojú rí. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ lè ti rán sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ jáde kí ọ̀bẹ tó débẹ̀, tí wọ́n á fara pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ tàbí ibòmíràn, tí ojú kankan ò ní rí wọn. Kímò ni oògùn tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn káàkiri ara, tó ń lépa àwọn tó sá lọ wọ̀nyẹn.

Ogun ló bí i. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n lo gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní mustard láti pa ọmọ ogun. Àwọn dókítà ṣàkíyèsí pé gáàsì náà ń run sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó kọ lù. Ní 1942, ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, Louis Goodman àti Alfred Gilman ronú pé bí májèlé yìí bá lè run sẹ́ẹ̀lì funfun, ó yẹ kó lè run jẹjẹrẹ tó ti ara irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ wá. Wọ́n fún aláìsàn kan ní èyí tó jọ ọ́. Kókó ara rẹ̀ yọ́. Àrùn náà padà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ṣí.

Ilẹ̀kùn yẹn kò ṣí fún jẹjẹrẹ ìfun. Ti ìfun ní láti dúró de ọdún 1957.

Ọdún 1957, ní ìlú méjì

Ní 1957, Charles Heidelberger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin kéde oògùn kan tí wọ́n pè ní 5-fluorouracil. Àwọn dókítà sọ ọ́ di 5-FU. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kò ṣòroó yé ọmọ àgbẹ̀. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ pín sí méjì nílò àwọn èròjà kan láti fi ṣe ẹ̀dà ìwé àbínibí rẹ̀, ìyẹn DNA. Wọ́n ti rí i lára eku pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń jẹ ọ̀kan nínú èròjà wọ̀nyí, uracil, ju bí sẹ́ẹ̀lì tó dáa ti ń jẹ ẹ́ lọ. Heidelberger wá ṣe uracil ayédèrú. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá fún olè tó ń jí irúgbìn ní àgbàdo tí wọ́n ti sun. Á kó o, á gbìn ín, kò sì ní hù.

Ìyà rẹ̀ ni pé jẹjẹrẹ nìkan kọ́ ló ń pín kíákíá. Awọ inú ẹnu, awọ inú ìfun àti ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde nínú eegun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnu ẹni tó ń gba kímò fi lè ṣá, tí inú rẹ̀ fi lè máa ṣí, tí agbára rẹ̀ láti bá àrùn jà fi ń dín kù fún ìgbà díẹ̀.

Ní ọdún 1957 yẹn náà, ní 20 Oṣù Kọkànlá, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Oògùn àti ilé ìwòsàn, ọdún kan náà ni wọ́n. Ó yẹ kí wọ́n tètè pàdé. Kí ló fà á tí kò fi rí bẹ́ẹ̀?

Àrùn tí wọ́n ní kì í ṣe tiwa

Ní 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n George Edington àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ, tó wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà. Wọ́n ń ka ẹni tó ní in, wọ́n ń kọ irú èyí tó jẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni. Nínú ìwé yẹn, jẹjẹrẹ ìfun ńlá kò wọ́pọ̀ rárá.

Ní Uganda náà, Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Ireland, rí irú rẹ̀. Burkitt yìí kan náà ló ṣàpèjúwe, ní 1958, jẹjẹrẹ tó máa ń wú àgbọ̀n ọmọdé, tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dòní. Kímò wo púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Áfíríkà wọ̀nyẹn sàn ní àwọn ọdún 1960. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kímò kò bá ara aláwọ̀ dúdú mu kò mọ ìtàn. Ara àwọn ọmọ wa wà lára ibi tí ayé ti kọ́kọ́ rí i pé kímò lè wo jẹjẹrẹ sàn.

Ní 1971, Burkitt kọ̀wé pé oúnjẹ wa tó ní ṣàkì, ewébẹ̀ àti ọkà tí wọn kò bó, ló ń dáàbò bo ìfun wa, àti pé oúnjẹ òyìnbó tó fẹ́lẹ́ ló ń kó jẹjẹrẹ ìfun bá wọn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ti ẹnu bọ́ sí ẹnu, ó yí padà. Ó di pé àrùn òyìnbó ni, kì í ṣe tiwa.

Ẹ wo ibi tí ewu wà. Ìwé Ìbàdàn ka ará Ìbàdàn tó dé ilé ìwòsàn. Kò ka ará Ọ̀kà tàbí ará Ìkàrẹ́ tí inú dì pa sílé, tí wọ́n ní ayé ló ṣe é, tàbí tí wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ló bá a jà. Ẹni tí wọn ò kà kò sí nínú ìwé. Àrùn tí kò sí nínú ìwé, ta ló máa ra oògùn rẹ̀ sílẹ̀? Dókítà wo ló máa kọ́kọ́ rò ó bí ẹni ogójì ọdún bá ní òun ń rí ẹ̀jẹ̀?

Oògùn aràn ní ilé ìwòsàn òyìnbó

Ní òkè òkun pẹ̀lú, 5-FU kò tètè já mọ́ nǹkan ńlá. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ń fún aláìsàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ láìlè fi ẹ̀rí tó dúró gbọn-in hàn pé ó ń gba ẹ̀mí là.

Ohun tó yí i padà ní 1990 pa wá lẹ́rìn-ín, nítorí àwọn òbí wa mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ Ketrax, oògùn aràn tí wọ́n máa ń fún ọmọdé. Levamisole ni orúkọ èròjà inú rẹ̀. Charles Moertel ti Mayo Clinic àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa levamisole pọ̀ mọ́ 5-FU fún àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ti wọ àwọn kókó kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfun, èyí tí dókítà ń pè ní ìpele kẹta. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ nìkan. Ikú dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Láti ọdún yẹn ni kímò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ti di ìlànà fún ẹni tó wà ní ìpele kẹta.

Nígbà tó yá, ìwádìí fi hàn pé leucovorin, ẹbí fítámì kan tó ń jẹ́ folic acid, bá 5-FU ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sí ìdí láti máa lo oògùn aràn mọ́. Levamisole bọ́ sílẹ̀. Bí ìmọ̀ ṣe ń rìn nìyẹn. Èyí tí wọ́n yìn lónìí, wọ́n lè gbé e jù sílẹ̀ lọ́la bí kíkà bá fi hàn pé òmíràn dára jù.

Ìrìn méjìlá, ìrìn mẹ́rin

Ní Japan, ní àwọn ọdún 1970, Yoshinori Kidani ní ìlú Nagoya ṣe oògùn kan láti ara irin olówó iyebíye tó ń jẹ́ platinum. Oxaliplatin ni wọ́n ń pè é. Àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé ló gbé e dìde. Ní 2004, ìwádìí kan tí wọ́n pè ní MOSAIC gbé èsì rẹ̀ jáde. Wọ́n fi 5-FU àti leucovorin nìkan wé àwọn méjèèjì pẹ̀lú oxaliplatin lára aláìsàn 2,246. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tí àrùn kò padà sí lára jẹ́ ìdá 78.2 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tó gba oxaliplatin, àti 72.9 fún àwọn tí kò gbà á.

Oògùn yìí dára, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbà á. Ẹ̀ẹ̀mejìlá láàárín oṣù mẹ́fà. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, omi oògùn á máa kán sínú ẹ̀jẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Ẹni tó ń gbé ní Ìwàrò-Ọ̀kà, tó bá ń lọ gbà á ní Ilé-Ifẹ̀, á gba Àkùngbá, Ọ̀bà-Àkókó, Ọ̀wọ̀, Àkúrẹ́ àti Iléṣà kó tó débẹ̀. Ẹ fi owó ọkọ̀, ibi sísùn àti oúnjẹ ẹni tó bá a lọ kún un, kí ẹ sì ṣe é ní ìlọ́po méjìlá. A ò tíì ka owó oògùn.

Ohun méjì ló mú ọ̀nà yìí kúrú. Èkíní ni capecitabine, oògùn oníhóró tó ń di 5-FU nínú ara. Ẹni tó bá ń lò ó á gba oxaliplatin lójú ọjọ́ kan, á gbé hóró oògùn lọ sílé, á máa lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, á sinmi ọ̀sẹ̀ kan. Èkejì ni ìwádìí IDEA tó jáde ní 2018. Wọ́n kó aláìsàn 12,834 láti orílẹ̀-èdè méjìlá jọ, wọ́n béèrè bóyá oṣù mẹ́ta lè tó dípò mẹ́fà. Fún àwọn tí àrùn wọn kò tíì rìn jìnnà nínú ìpele kẹta, tí wọ́n sì ń lo oníhóró pẹ̀lú oxaliplatin, oṣù mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bákan náà bí oṣù mẹ́fà. Ìpalára tí oògùn náà ń ṣe fún iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sì dín kù gan-an. Ìrìn méjìlá di mẹ́rin.

Àwọn tó ṣe ìwádìí yẹn kò ronú kan ọ̀nà Ọ̀kà. Bẹ́ẹ̀, fún ará Ọ̀kà, ó lè jẹ́ òun ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó parí oògùn rẹ̀ àti ẹni tó fi í sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn orílẹ̀-èdè méjìlá yẹn, kò sí ẹyọ kan láti Áfíríkà. Ìbéèrè kẹta Bàbá ṣì dúró.

Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà

Ní 2013, àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn ti Memorial Sloan Kettering ní New York dá ẹgbẹ́ ìwádìí kan sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ARGO lónìí. Oníṣẹ́ abẹ méjì ló wà níwájú rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Alátiṣe ní Ifẹ̀ àti Peter Kingham ní New York. Jẹjẹrẹ ìfun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Alátiṣe ní í mọ àtiṣe ara rẹ̀, àwọn àgbà wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ jẹjẹrẹ tó ń pa wá, àwa náà la máa kà á.

Ní 2021, wọ́n tẹ èsì kan jáde nínú Nature Communications. Wọ́n mú ẹran jẹjẹrẹ ìfun láti ara aláìsàn ní Nàìjíríà, wọ́n ka ìwé àbínibí inú rẹ̀, wọ́n sì fi wé ti àwọn aláìsàn Amẹ́ríkà. Ó yàtọ̀. Àwọn tiwa kéré lọ́jọ́ orí. Ti ìdajì wọn wà ní ìsàlẹ̀ ìfun, nítòsí ihò ìdí gan-an, ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ti jọ ti jẹ̀díjẹ̀dí pátápátá.

Ohun tó ya àwọn oníwádìí lẹ́nu jù rèé. Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì, àwọn aṣàtúnṣe kan wà tó ń yẹ ẹ̀dà DNA wò, bí ẹni tó ń ka ìwé kó tó lọ fún ìtẹ̀. Nínú àwọn jẹjẹrẹ kan, aṣàtúnṣe yìí ti bàjẹ́, àṣìṣe á wá kún inú sẹ́ẹ̀lì. Irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìdá 28.1 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní ilé ìwòsàn New York yẹn, 8.5 ni.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú oògùn? Ó ní í ṣe púpọ̀. Ìwádìí ti fi hàn pé 5-FU nìkan kì í fẹ́ẹ̀ ṣe ẹni tó ní irú jẹjẹrẹ yìí láǹfààní bí àrùn rẹ̀ bá ṣì wà ní ìpele kejì. Nígbà tó jẹ́ pé àṣìṣe pọ̀ lára rẹ̀, ọmọ ogun ara tètè máa ń dá a mọ̀ bí oògùn bá tú wọn sílẹ̀. Ní 2022, àwọn dókítà ní Memorial Sloan Kettering fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ kan, dostarlimab, tọ́jú àwọn méjìlá tó ní in ní ìsàlẹ̀ ìfun. Àrùn pòórá lójú àyẹ̀wò lára gbogbo wọn, láìṣe iṣẹ́ abẹ, láìgba kímò. Owó oògùn yẹn ju agbára àgbẹ̀ Àkókó lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n kì bá tí sí ẹni tó mọ̀ pé ó lè wúlò fún wa tó báyìí bí Ifẹ̀ kò bá kà.

Èsì tí a gbé padà sí Ọ̀kà

Ọmọ ẹgbẹ́ wa padà lọ bá Bàbá. Ó ní ẹni tó ṣe kímò pọ̀, pé àwọn kan wá láti Wisconsin, àwọn kan láti Nagoya, àti pé oògùn aràn pàápàá bá wọn dá sí i. Ó ní àwọn tí wọ́n fi dán an wò kò jọ wa púpọ̀, òótọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ara èèyàn ni ara èèyàn, àwọn dókítà wa sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka tiwa. Ó sọ fún wọn pé láti 2015 ni oxaliplatin àti capecitabine ti wà nínú ìwé oògùn tí àjọ WHO ní kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ṣe aláìní. Ní 2017, American Cancer Society àti Clinton Health Access Initiative bá Pfizer àti Cipla ṣe àdéhùn kí owó oògùn jẹjẹrẹ lè dín kù ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Síbẹ̀, àpò ẹbí ni púpọ̀ nínú owó náà ti ń jáde. Tiwọn náà, ẹbí dá a jọ ni.

Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ká ní mo tètè lọ ńkọ́?"

Ibi tí gbogbo ìtàn yìí dúró lé nìyẹn. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Kò sí oògùn kankan nínú gbogbo èyí tí a kà tó ṣiṣẹ́ fún ẹni tó pẹ́ bó ti ṣiṣẹ́ fún ẹni tó yá. Ẹni tí wọ́n bá a lára rẹ̀ ní ìpele kìíní, iṣẹ́ abẹ nìkan lè tó o, kò ní gbọ́ orúkọ kímò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde ṣáájú wa, bí ẹ bá pe ilé lọ́sẹ̀ yìí, ẹ béèrè ohun tí ojú máa ń tì wá láti béèrè. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ yín jáde? Ṣé inú yín ń dì tó tún ń ṣí, ju bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ? Ṣé ẹ ń rù láìmọ ìdí? Jẹ̀díjẹ̀dí lè wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wò ó ló mọ̀, ẹnikẹ́ni kò lè fi àgbo mọ̀ ọ́n. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìkàrẹ́, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀wọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi ojú rí i kí ẹ tó fún un lórúkọ.

Dókítà ní ti Bàbá Ọ̀kà wà lára èyí tí oṣù mẹ́ta lè tó. Bí a ti ń kọ èyí, wọ́n ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Oxaliplatin kì í jẹ́ kí ọwọ́ fara da òtútù, bí abẹ́rẹ́ ló ń gún wọn bí wọ́n bá fọwọ́ kan omi àárọ̀, nítorí náà ìyàwó wọn ń gbé omi kaná kí wọ́n tó bọ́jú. A ò lè sọ bí ọjọ́ iwájú ṣe máa rí. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, aládùúgbò kan tó ń bá wọn dá oko yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí wọn létí pé òun náà ń rí ẹ̀jẹ̀, pé irú àgbo wo ni àwọn mu nígbà náà.

Bàbá ní, "Má tíì mu nǹkan kan. Wá ká jọ lọ Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ Ajé."